Adìẹ Oníṣòkòtò Tí Mo Jowú Títí Wọ́n Fi Kú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ìlọ́bù, ní àwọn ọdún 1990 wọ̀nyẹn. Ọ̀rọ̀ adìẹ ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ìyá wa ní irú adìẹ kan tí à ń pè ní oníṣòkòtò. Ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ọmọ ìka, bí ẹni wọ ṣòkòtò. Ẹ mọ̀ pé adìẹ àgíríìkì tó ń yé kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ́ran, èyí tó lẹ́ran kì í yé tó bẹ́ẹ̀, adìẹ ìbílẹ̀ tó kù sì kéré. Oníṣòkòtò ní tirẹ̀ ń yé dáadáa, bí ẹ bá sì pa á, ìkòkò á kún. Ṣùgbọ́n àgíríìkì ti gba ìgboro, àwọn èèyàn sì ti pa oníṣòkòtò fún àlejò tán. Ọ̀dọ̀ ìyá wa nìkan ni mo mọ̀ pé ó kù sí: abo mẹ́sàn-án, akọ kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Ìyá pe àwa ọmọ jọ. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, àwọn ò lè máa tẹ̀ lé adìẹ kiri mọ́. Èmi ni àkọ́bí, mo ti ń tún ìjókòó mi ṣe. Àfi bí wọ́n ṣe ní Bàsírátù ni kó gbà wọ́n. Bàsírátù, ìyàwó Múfútáù àbúrò mi. Ọmọ Ìfọ́n, tí kò tíì lo ọdún mẹ́ta nílé wa.

Ìyá rí ojú mi. Wọ́n ní, "Télọ̀ ni ọ́. Kùtùkùtù lo ń wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Ta ni yóò máa ṣí ilé fún wọn?"

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń wá òótọ́ nígbà tí inú ń bí i?

Kí n má purọ́, ọmọ náà mọ ohun tó ń ṣe. Ó wá tọrọ àjákù òwú ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó so pupa mọ́ ẹsẹ̀ abo tó ń yé jù, ó so búlúù mọ́ èyí tó mọ ọmọ tọ́. Èyí tí kò so nǹkan mọ́ lẹ́sẹ̀, ìyẹn ni ti ọbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àkùkọ tó tóbi jù la máa ń pa bí àlejò bá dé. Bàsírátù ní rárá, èyí tó tóbi jù ni ká fi sílẹ̀ kó bímọ, ká máa pa àwọn kékeré. Kí ọdún kejì tó pé, adìẹ ti lé ní ogójì, wọ́n sì tún tóbi ju ti Ìyá lọ.

Làwọn ará àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní adìẹ Bàsírá. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, àfi bí ìgbà tí ata kán sí mi lójú.

Ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn wá wò wọ́n. Ó ní irú wọn ti ń parẹ́. Ó ya fọ́tò Bàsírátù pẹ̀lú àkùkọ lọ́wọ́. Èmi náà ti sáré wọ léèsì mi tuntun, mo wá dúró tì wọ́n. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n sún sẹ́yìn díẹ̀, pé òjìji mi ń bọ́ sórí adìẹ.

Ẹ gbọ́ mi? Sórí adìẹ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, kí wọ́n lè tọ́jú ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbé aṣọ lọ fún oníbàárà mi kan ní Ìfọ́n. Mo ní kí n yà kí ìyá Bàsírátù. Kí ni mo rí nínú àgbàlá wọn? Oníṣòkòtò. Akọ kan àti abo mélòó kan, tí wọ́n ń jẹ̀ kiri.

Mo kí wọn, mo mu omi, mi ò béèrè nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè wa, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe máa ń gbóná láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n. Ibẹ̀ ni mo gbà wọlé sí Múfútáù lára. Mo ní, "Ìyàwó rẹ ti ń kó ohun ìní ìyá wa lọ sí Ìfọ́n o. Adìẹ rèé lónìí. Ṣé o mọ ohun tó kàn?"

Múfútáù pe ìyàwó rẹ̀ síwájú mi. Bàsírátù kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Kí àrùn má baà kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà ni. Àkùkọ kan náà sì ti ń di bàbá gbogbo wọn níbí, a fẹ́ máa pààrọ̀ akọ láàárín ibí àti ọ̀hún."

Mo ní, "Àwọn wo ni 'a'? Ìwọ àti ta ni?"

Ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣáà má bínú." Mo ní bí wọ́n bá tilẹ̀ máa kú, kí wọ́n wá kú sílé wọn. Lọ́jọ́ kejì, Múfútáù gun ọ̀kadà lọ sí Ìfọ́n, ó kó wọn dé nínú apẹ̀rẹ̀. Mo jẹun lọ́jọ́ náà, mo tún bù sí i.

Nígbà tí ọyẹ́ wọlé, lúkúlúkú dé, àrùn tó máa ń lọ́ adìẹ lọ́rùn. Èyí àkọ́kọ́ kọ oúnjẹ, kò pẹ́ tí ọrùn òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a sin gbogbo wọn sẹ́yìn ilé, ti Ìlọ́bù àti ti Ìfọ́n. Bàsírátù gbá ilé adìẹ náà mọ́, ó da eérú sí i.

Ìyá dé láti Ẹ̀rìn. Wọ́n wo ilé adìẹ tó ṣófo, wọ́n yíjú sí mi. "Àwọn ti Ìfọ́n ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn kan wà ní Ìfọ́n ni?"

Wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kó gbé wọn lọ. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mo mọ irú ilé tí mò ń gbé."

Àṣé Ìyá ni ẹnì kejì tó wà nínú 'a' yẹn. Bàsírátù gba ẹ̀bi ọ̀hún sórí, kò dárúkọ wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo dá lọ sí Ìfọ́n. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá Bàsírátù, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pariwo mọ́ mi, wọ́n ní kí n jókòó. Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn òròmọdìẹ lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo yíjú síbẹ̀. Màmá náà ní nígbà tí Múfútáù wá, abo kan ń sàba lẹ́yìn igi ìdáná, àwọn sì fi í sílẹ̀. Méje ló kù nínú ọmọ rẹ̀.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n kàn wò wọ́n. Wọ́n ní, "Bàsírá ní kí ẹnikẹ́ni láti ilé yín má fojú kàn wọ́n. Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ ná."

Ó ń fi wọ́n pa mọ́ fún mi bí ẹni ń fi nǹkan pa mọ́ fún olè. Mo sunkún nínú mọ́tò títí mo fi délé.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàsírátù lójú gbogbo ilé. Bàsírátù ní, "Mo ti gbọ́, Àǹtí. Ṣùgbọ́n àwọn òròmọdìẹ yẹn ò ní wá sí Ìlọ́bù."

Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méje yẹn. Bí wọ́n bá ń gun ara wọn, irú wọn á bàjẹ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo oníbàárà mi bóyá wọ́n mọ ẹni tó ní akọ oníṣòkòtò. Ó tó oṣù mélòó kan kí obìnrin kan tó júwe abà bàbá ọkọ rẹ̀ fún mi, lẹ́yìn Ẹ̀rìn. Mo bá akọ kan níbẹ̀, arúgbó, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ṣùgbọ́n ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ìka. Mo fi ìró àti bùbá kan pààrọ̀ rẹ̀, mo gbé e sórí itan délé.

Bàsírátù gbé e sókè, ó wo abẹ́ apá rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ igbá àyà rẹ̀. Ó ní, "Àyà rẹ̀ dáa." Ó gbé e lọ sí Ìfọ́n.

Ìran akọ yẹn ni Bàsírátù ń sìn ní Ìfọ́n títí dòní. Láìpẹ́ yìí, àlejò kan béèrè bí irú wọn ṣe là á já. Bàsírátù ròyìn Ìyá, ó ròyìn màmá rẹ̀. Mo dúró dè é kó dárúkọ mi, kò dá a. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo pa ẹnu mi mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: gbogbo ìlara tí mo ṣe, kò sọ adìẹ náà di tèmi. Ó kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ohun tí kò sẹ́ni tó ní in mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti jowú rẹ̀ nínú ẹbí débi tí ẹ fi ba nǹkan jẹ́ fún gbogbo ilé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Kì í ṣe kí n lè dá yín lẹ́jọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.