Ìyá Onílé Tó Ń Ṣe Ìjọba

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, àmọ́ kò fẹ́ ìkánjú.

Òmìnira ò tíì pẹ́ nígbà tí mo gba yàrá kan ní Kinkinau, ní Kàdúná. Lójúmọmọ, ọ́fíìsì ìjọba ni mo wà. Bí mo bá dé, mo ń ka ìwé oyè kejì lórí òfin àgbáyé tó jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Yunifásítì kan nílùú òyìnbó ló ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí mi. N kò rí ẹnì kan tí a lè jọ sọ ọ́. Nípàdé àwa ọmọ Yorùbá, wọ́n á ní, "Ṣé òfin yẹn lè gba ilẹ̀ padà fún èèyàn?" Màá ní rárá. Wọ́n á yíjú sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Olùkọ́ mi ka ìwé tí mò ń kọ fún oyè náà, ó wá fèsì pé, "Ohùn tìrẹ nìkan ni mò ń gbọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Bí alátakò kò bá sí níbẹ̀, wọn kò ní gbà á." Níbo ni kí n ti rí alátakò?

Ìyá onílé mi, opó ará Ìlọrin, ló gbọ́ ẹjọ́ mi tó ní òun á ṣe alátakò náà. Bó bá kírun Alásàrì tán, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ìyá, ẹ̀yin ni ìjọba. Ẹ ti ọkùnrin kan mọ́lé, ẹ ò sọ ohun tó ṣe."

"Mo rí ohun tí ìwọ ò rí."

"Kí lẹ rí?"

"Haba, Lọ́yà! Ṣé gbogbo ohun tí ìjọba bá rí ló ń sọ ni?"

"Àdéhùn tí ẹ bá àwọn orílẹ̀-èdè yòókù fọwọ́ sí ńkọ́?"

"Mo fọwọ́ sí i. Ta ni yóò wá mú mi? Ọlọ́pàá ibo?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Lọ jẹun, jàre. Mo ti járe."

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wọlé, òun ni mo sì fi odindi orí kan nínú ìwé mi dáhùn. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é títí ọyẹ́ fi dé. Ikọ́ dá a dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Orí tó kẹ́yìn nínú ìwé mi ló ṣẹ́ kù.

Àkọ́bí rẹ̀ jogún ilé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kó aṣọ àti góòlù. Àbúrò rẹ̀ fa àwọn ewúrẹ́ lọ. Èmi kì í ṣe ọmọ, ayálégbé ni mí. Ipò ìjọba ni ẹnikẹ́ni ò bèèrè, èmi ni mo mú un. Mo ń bèèrè, mo ń dá ara mi lóhùn, títí ìwé fi parí. Wọ́n gbà á. Kò sí ẹni tí mo sáré lọ sọ fún.