Wọ́n Ní Èmi Kọ́ Ni Ìyá Rẹ̀

Àbúrò mi obìnrin ló bí ọmọ náà. Kò tíì mọ ìrìn rìn tí ìyá rẹ̀ fi kú, láti ìgbà náà ló sì ti wà lọ́dọ̀ mi ní Jákáńdè, Ìsọlọ̀. Èmi ló ń pè ní Mọ́mì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì nílé-ìwé, mo bínú, mo ní kí lọmọbìnrin ń wá nídìí gídígbò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo rí i tó gbé ẹni tó ga jù ú lọ, tó sì fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀, mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìdíje àwọn ọ̀dọ́ wáyé ní Òkè-Àfà. Ọmọ mi ti gun òṣùwọ̀n, ọjọ́-orí àti ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ìsọ̀rí rẹ̀ mu. Ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ti dá wa dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ wo ìwé ọjọ́-ìbí rẹ̀, ó wo fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí.

"Mà, orúkọ yín kọ́ ni wọ́n kọ síbí gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀."

"Àbúrò mi ni. Ó ti kú. Èmi ni mo tọ́ ọ."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Àwa náà ń wá a."

"Ẹ lọ gba ìwé ìbúra wá ní kóòtù, pé ẹ̀yin ni alágbàtọ́ rẹ̀."

"Lónìí Sátidé? Kóòtù wo ló ṣí?"

"Ẹ má bínú, Mà. Òfin ni."

Kóòṣì tó ń kọ́ ọmọ mi ní ìjàkadì bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kọ̀.

Ẹni tó tò sẹ́yìn wa kì í ṣe ọmọdé. Àwọn ọmọ tó kù ń kí i pé, "Àǹtí, ẹ káàárọ̀." Ìwé tirẹ̀ pé pérépéré, wọ́n sì ní kó máa wọlé.

Mo ní, "Ṣé ojú yín ò ríran ni?"

"Mà, ìwé la ń wò."

Ìdíje ò tíì jìnnà tí àgbàyà yẹn fi gbé ọmọ kékeré kan láti Àjàó Estate lulẹ̀. Èjìká ọmọ náà yẹ̀. Igbe rẹ̀ gba gbogbo pápá. Mo mọ̀ pé torí àwọn tó ń parọ́ ọjọ́-orí ni wọ́n ṣe ṣòfin. Ṣùgbọ́n òfin tó lé ọmọ òrukàn, tó sì ṣílẹ̀kùn fún àgbàlagbà, ta ló ń dáàbò bò?

Nígbà tá a délé, ọmọ mi ní, "Mọ́mì, tí wọ́n bá fi orúkọ yín sí i, ṣé wọ́n máa yọ ti mọ́mì mi kúrò ni?"

Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ti gba ìwé náà ní kóòtù. Àwọn tó ṣètò ìdíje ní ká dúró di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún náà fi máa dé, ó ti dàgbà ju ìsọ̀rí yẹn lọ. Àwọn tó jù ú lọ ló ń bá jà báyìí. Wọ́n ń dá a, òun náà ń dá wọn. Àwọn ará ilé ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. N ò lè gbàgbé. Inú ṣì ń bí mi.