Ike Méjìlá Tó Kù Níwájú Fàòsíyà

Tí ẹ bá dé ìsọ̀ ìyá Fàòsíyà ní Láfẹ́nwá láàárọ̀, ẹ óò bá ọmọbìnrin náà lórí àpótí, tó ń ṣa obì. Á tú obì gbàǹja jáde láti inú apẹ̀rẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á sọ èyí tí kòkòrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì fi ewé tútù bo èyí tó kù. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, á tún tú u, á tún ṣà á. Kì í ṣe iṣẹ́ oníkánjú. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Fàòsíyà, ó sì ti ń ṣe é láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé ọmọ náà ní sùúrù, inú rẹ̀ a sì máa dùn, torí ta ni kì í fẹ́ ìyìn?

Sùúrù yìí kan náà ló gbé lọ sídìí póókà, ibẹ̀ ló sì ti dójú tì í.

Ìgbà tó wà ní yunifásítì ní Alábàtà ló kọ́ eré káàdì náà. Nígbà tó jáde, ó wọ ẹgbẹ́ kan tó ń pàdé ní gbogbo ọ̀sán Sátidé nínú kíláàsì kan ní Ṣàpọ́n. Wọn kì í ta owó níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀, Bùsírátù, kọ́kọ́ gbọ́ pé káàdì ló ń lọ ta, ó gbé Kùránì sí i níwájú, ó ní kó búra pé kọ́bọ̀ kan ò sí níbẹ̀.

“Ọjọ́ tí owó bá wọ eré yẹn,” ni ìyá wí, “má padà wọlé mi.”

Fàòsíyà búra, kò sì da ìbúra náà títí di òní.

Eré náà kò ṣòro lóye. Wọ́n á fún oníkálukú ní káàdì méjì tí ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ rí, wọ́n á wá ṣí márùn-ún sáàárín tábìlì fún gbogbo èèyàn. Ike róbótó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń bá ara wọn du ẹni tí káàdì rẹ̀ dáa jù, ẹni tó bá sì borí ló ń kó gbogbo ike tó wà láàárín. Ọgọ́rùn-ún ike lẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá sì tán, kó dìde. Ibi tó ti le ni ike tipátipá. Bó bá ti yí kàn ọ́, káàdì rẹ dáa o, kò dáa o, o gbọ́dọ̀ fi ike sílẹ̀, iye rẹ̀ á sì máa lé sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí ike rẹ̀ kù díẹ̀, tó wá jókòó tó ń retí oore, ike tipátipá ni yóò jẹ ẹ́ tán.

Bí ike bá pọ̀ níwájú Fàòsíyà, ẹ̀rù rẹ̀ a máa ba gbogbo wọn. Àmọ́ tó bá ti kù bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọwọ́ rẹ̀ á tutù. Ó mọ̀ pé ohun tó yẹ ni kóun rí káàdì tó dáa díẹ̀, kóun ti gbogbo ike sáàárín nígbà tí wọ́n ṣì lè dẹ́rù ba ẹlòmíì. Ìṣirò rẹ̀ ò yẹ̀ lórí. Síbẹ̀, á da káàdì dé láìdu ohunkóhun, á tún da káàdì dé. Obì ló ń ṣà. Ó rò pé bóun bá ṣáà ń sọ èyí tí kò dáa nù, èyí tí kò lábàwọ́n kankan ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó gbàgbé pé ẹ̀kún apẹ̀rẹ̀ là ń ṣà. Ẹni tó bá jókòó ti obì mẹ́wàá, tó ń ṣà á, òfìfo apẹ̀rẹ̀ ni yóò gbé relé.

Ẹ má bá a wí jù. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, bàbá rẹ̀, Alhaji Sàlàhúdíìnì, kó ọjà rẹ̀ sínú tírélà kan ṣoṣo tó ń lọ sí Kánò. Obì wọ́n ní Kánò lọ́dún náà, kò sì sí oníṣòwò tí kò ní fẹ́ débẹ̀. Tírélà náà gbiná nígbà tó kọjá Jẹ́bà. Láti ọjọ́ náà ni Alhaji ò ti dá òwò mọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Ṣàpọ́n ló ń jókòó sí, lórí àga onígi gbọọrọ kan, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá a jókòó síbẹ̀. Nínú ilé náà, wọn kì í dárúkọ tírélà. Àmọ́ gbogbo wọn ló gbà nínú ikùn wọn pé ìwàǹwara ló pa òwò bàbá.

Fàòsíyà náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbàkigbà tó bá fẹ́ ti ike rẹ̀ sáàárín, iná ló máa ń rí. Ẹ̀rù á bà á, inú á sì tún bí i pé ẹ̀rù ń ba òun.

Lọ́dún yìí, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ náà mú èèyàn márùn-ún wá sí ìdíje ní Ìbàdàn. Wọ́n ti yan mẹ́rin, ó ku àyè kan. Fàòsíyà fẹ́ àyè náà gidi gan-an. Iṣẹ́ ìjọba tó ti ń retí láti ọdún mẹ́fà kò dé, ọkùnrin tó ní kó dúró de òun kò sì padà wá. Ó fẹ́ ohun kan tí òun máa fọwọ́ ara òun mú. Àǹtí Wùnmí, olùkọ́ ìṣirò tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Sátidé yìí, ẹni tó bá ṣẹ́ kù gbẹ̀yìn lórí tábìlì ló ń bá wa lọ. Fàòsíyà, fáríánsì ló ń dẹ́rù bà ọ́. Oríire máa ń yí, kò sẹ́ni tó lè dè é mọ́lẹ̀. Tó o bá ti gbogbo ẹ̀ tó o pàdánù, no problem. But tó o bá tún jókòó títí tí ike fi tán lọ́wọ́ ẹ, kí ni kí n pe ìyẹn?”

“Mo ti gbọ́, Àǹtí.”

“O ti ń gbọ́ láti èṣí.”

Ní ọ̀sán Jímọ̀, Fàòsíyà gbé ìrẹsì lọ fún bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wojú rẹ̀.

“Kí ló dé tó o fajú ro?”

Bàbá kì í sábà béèrè nǹkan, ìyẹn ló jẹ́ kó dáhùn. Kò lè fi káàdì ṣàlàyé fún un, nítorí náà ó fi obì ṣe é. Ó ní ká sọ pé ohun tó kù lọ́wọ́ èèyàn ò tó nǹkan, tó bá sì dúró, á máa dín kù lójoojúmọ́, tó bá sì kó gbogbo ẹ̀ lọ sọ́jà, ó lè ṣòfò lọ́nà. Kí lonítọ̀hún máa ṣe? Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ bàbá.

“Ọ̀rọ̀ tírélà lò ń yí po yẹn, Fàòsí.”

Ó ti di ọdún méjìlá tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé.

“Gbogbo yín rò pé tírélà ló pa òwò mi. N ò bá yín jà,” ni bàbá wí. “Ọ̀nà dáa, dẹ́rẹ́bà mọṣẹ́, ọjà wọ́n. Tí wọ́n bá dá ọjọ́ yẹn padà fún mi lọ́la, màá tún kó o. Èmi kọ́ ni mo dáná sun ún.”

“Kí ló wá pa á, Bàbá?”

“Apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ṣẹ́ kù sí yàrá ẹ̀yìn. Ìyá ẹ ò mọ̀. Ó yẹ kí n tà á, kí n fi tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí n dúró de iye tó dáa. Mo ń ṣà á, mo ń ṣà á. Ọjọ́ tí mo tú apẹ̀rẹ̀ tó kẹ́yìn, ìyẹ̀fun ni mo bá nídìí ẹ̀. Èyí tí iná jó, Ọlọ́run ló mọ̀dí ẹ̀. Èyí tó kù, èmi ni mo jókòó tì í tí kòkòrò fi jẹ ẹ́. Òun ni kì í jẹ́ kí n lè dìde níbí.”

Àánú rẹ̀ ṣe Fàòsíyà, ojú sì tì í, nítorí ọdún méjìlá ló fi di ẹ̀bi ru bàbá rẹ̀ lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó gbé àwo, ó wọlé.

Lọ́jọ́ Sátidé, èèyàn mẹ́jọ ló jókòó. Nígbà tí aago mẹ́rin fi máa lù, ó ku mẹ́ta: Fàòsíyà, Dámiláre àti Ìníolúwa. Ike méjìlá péré ló kù níwájú Fàòsíyà, ike tipátipá sì ti di mẹ́rin. Káàdì tó kọ́kọ́ mú jẹ́ méje àti méjì. Ó dà á dé, ìyẹn ò sì burú. Lẹ́yìn náà ló mú mẹ́sàn-án àti éèsì, tó ga jù nínú gbogbo káàdì.

Ọkàn rẹ̀ ní kó dúró lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá éèsì méjì ń bọ̀. Ó rí iná, bó ṣe máa ń rí i. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó tún rí ìyẹ̀fun nídìí apẹ̀rẹ̀, àti ọkùnrin kan tó dá nìkan jókòó tì í nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó fọwọ́ méjèèjì ti ike rẹ̀ sáàárín.

“Gbogbo ẹ̀,” ló wí.

Dámiláre da tirẹ̀ dé. Ìníolúwa ronú pẹ́, ó ní òun á bá a lọ. Wọ́n ṣí káàdì méjèèjì sílẹ̀: kíìnì àti mẹ́wàá ló wà lọ́wọ́ Ìníolúwa. Fàòsíyà ló wà níwájú. Bí wọ́n bá ta á nígbà mẹ́wàá, òun ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ nígbà mẹ́fà. Wọ́n ṣí káàdì mẹ́rin sáàárín, kò sí èyí tó bá ẹnikẹ́ni mu nínú wọn. Wọ́n ṣí ìkarùn-ún. Kíìnì ni: ó ti di kíìnì méjì fún Ìníolúwa, ó ju éèsì kan lọ, ike Fàòsíyà sì tán.

“Sorry, Sístà,” ni Ìníolúwa wí, ó sì dà bí ẹni pé ó dùn ún lóòótọ́.

Àǹtí Wùnmí fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní ohun tó yẹ kó ṣe náà ló ṣe. Fàòsíyà dúpẹ́. Nígbà tó dójú títì, ó sunkún. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ẹni tó bá ṣe ohun tó tọ́ kì í sunkún. Àyè Ìbàdàn ti lọ, kò sì mọ ohun tó tún kù tóun ń retí.

Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó délé.

“Ẹ kú ìjókòó, Bàbá.”

Alhaji wo ojú rẹ̀ tó ti wú. Kò béèrè bóyá ó borí tàbí kò borí.

“Ṣé iná ni, àbí kòkòrò?”

“Iná ni, Bàbá.”

Bàbá mi orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kó tẹ̀sùbáà sápò, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga náà, ó sì ní kó wá jókòó.