Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Dín Iyanrìn Kù

Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ná! Ọkùnrin tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kun ilẹ̀ pápá tẹníìsì, òun ni wọ́n ní kò mọ iye iyanrìn tó yẹ kó wà nínú ọ̀dà!

Bàbá Oníyanrìn ni gbogbo èèyàn ń pè é. Iyanrìn kíkúnná ló máa ń pò mọ́ ọ̀dà, kí ilẹ̀ inú gbọ̀ngàn lè di bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù mú tí wọ́n bá ń sáré. Tó bá kùn ún tán, tí ọ̀dà gbẹ, á bọ́ bàtà, á fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín láti igun dé igun. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ni òṣùwọ̀n ẹ̀. Kódà, ó kun ilẹ̀ ilé ìdáná ìyàwó ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ní, "Òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni ò lè yọ̀ ṣubú nílé wa, àmọ́ sálúbàtà mélòó ni mo fẹ́ rà lọ́dún?"

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń ṣe, ó sì fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn: OMI NÌKAN. Wọn ò gbọdọ̀ fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ yẹn láé, torí ọṣẹ á dì sáàárín iyanrìn, ilẹ̀ á wá máa yọ̀.

Ìdíje àwọn ọkùnrin tó ń fi tẹníìsì jẹun ni wọ́n ń ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀kan nínú wọn sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀, orúnkún ẹ̀ yẹ̀. Wọ́n gbé e jáde. Kí Bàbá Oníyanrìn tó dé, máníjà gbọ̀ngàn ti tẹ ìwé kan.

"Ẹ buwọ́ lù ú, Bàbá. Ìwé pé ẹ̀yin lẹ dín iyanrìn kù."

"Èmi kẹ̀?"

"Tẹ́ ò bá buwọ́ lù ú, ẹ ò ní kun ilẹ̀ kankan mọ́ nílùú yìí. Mo mọ gbogbo àwọn tó ni gbọ̀ngàn."

Inú bí Bàbá gan-an. Kó fọwọ́ ara ẹ̀ ba orúkọ ara ẹ̀ jẹ́, kó tó ríṣẹ́ ṣe? Ẹni tí wọ́n bá forí ẹ̀ fọ́ àgbọn, ṣé ó máa ń jẹ níbẹ̀ ni?

Ó bọ́ bàtà, ó rìn lọ síbi tí ọkùnrin yẹn ti ṣubú. Díẹ̀ ló kù kóun náà yọ̀. "Háà!" Ó gba ike omi lọ́wọ́ rẹfirí tó ń bójú tó ìdíje náà, ó da díẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbo ibẹ̀. Ọṣẹ hó yeye.

"Ta ló fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ mi?"

Obìnrin tó ń nu gbọ̀ngàn dúró nítòsí, ó di igi ìnulẹ̀ ẹ̀ mú. "Bàbá, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀kùn o. Máníjà ló ní kí n da ọṣẹ sí i, pé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dán lójú kámẹ́rà."

Kó dán! Ṣé dígí ni wọ́n fẹ́ máa sáré lórí ẹ̀ ni?

Ẹ ò sì tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Ojú ò ti máníjà. Ó yọ bírò, ó fa ilà lé orúkọ Bàbá nínú ìwé yẹn, ó kọ ti obìnrin náà sókè ẹ̀, ó nà án sí i. "Ìwọ lo da ọṣẹ. Buwọ́ lù ú."

Obìnrin náà na ọwọ́ láti gbà á. Bàbá Oníyanrìn já ìwé náà gbà. Látọjọ́ tó ti mọ máníjà, "ẹ̀yin" ló ń pè é. Lọ́jọ́ yẹn, ó di "ìwọ."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o ò lẹ́rìí ọkàn ni? Ẹni tí o fẹnu ara ẹ rán níṣẹ́!"

"Fún mi níwèé mi!"

Bàbá padà sínú ọṣẹ tó ń hó, ó dúró gbọn-in lórí ẹsẹ̀ lásán, ó na ìwé náà síwájú. "Ṣebí ìwọ lo ní kó dán. Ó ti dán. Máa bọ̀ wá gbà á."

Máníjà gbé ẹsẹ̀ kan. Ó wo ilẹ̀, ó wo bàtà ẹ̀ tó ń dán gbinrin. Ó rọra dá ẹsẹ̀ náà padà.

Rẹfirí ti ń wò wọ́n látìgbà yẹn. Ó nawọ́ sí máníjà.

"Ẹ fún mi ní bírò yẹn," ó ní. "Mo fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é."