Ọkọ Ni Ó Kọ, Ọkọ̀ Ni Mo Kà

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ń gbé ní Ìpọ̀nrí, ojú mi ṣì ń ríran dáadáa, mo sì máa ń fọ́nnu pé kò sí ìwé Yorùbá tí wọ́n lè gbé síwájú mi tí n kò ní kà já. Ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n ròyìn bí gbólóhùn ọlọ́rọ̀ márùn-ún péré ṣe dójú tì mí.

Àwa mẹ́rin ni. A jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Surulere fún ọ̀pọ̀ ọdún, a jọ jẹ tíṣà, a jọ jẹ ìyà tíṣà. Nígbà tí a fẹ̀yìn tì tán, Fọlákẹ́, aláwàdà inú wa, dá gúrúùpù kan sílẹ̀ lórí fóònù, ó sì sọ ọ́ ní Ìròyìn Ilé. Kò sí òṣèlú níbẹ̀. Kò sí àdúrà tí wọ́n ní kí o fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá kí o tó rí ìbùkún. Ìròyìn ilé nìkan! Ọmọ ta ló bímọ? Orúnkún ta ló ń dùn ún? Ìyàwó ọmọ ta ló kó ẹrù jáde, tó tún kó o padà lọ́jọ́ kẹta? Gbogbo rẹ̀ la ń sọ. Bí ẹnì kan bá sì ń sunkún, àwa tó kù a bá a sun ún.

Èmi ni mo dàgbà jù, torí náà Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè mí. Èmi náà ni mo sì máa ń tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn kò lè rí "ojo" kó má béèrè bóyá òjò ni àbí ojo. Fọlákẹ́ a ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹkún la wá sun síbí, a ò mú ìwé wá fún yín láti máàkì!"

Ìbídùn ló jìyà jù lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ òun ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Fóònù kékeré kan ló ń lò, ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, kò sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kankan rí. Bó bá kọ ìròyìn tirẹ̀, èmi a tún un kọ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì, bí ẹni tó dúró sídìí pátákó. Òun a ní, "E seun Egbon, oju mi ti la." A ó jọ rẹ́rìn-ín, ó parí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìròyìn ọkọ̀ wọn ló ń ti ilé Ìbídùn wá jù. Ọkọ̀ àtijọ́ ni. Bàbá Káyọ̀dé, ìyẹn ọkọ rẹ̀, kò gbà kí wọ́n tà á. Ọkọ̀ náà á máa lọ jẹ́jẹ́, á kàn dákẹ́ sójú títì. Bí wọ́n bá fún un ní ìsinmi díẹ̀, á tún dáhùn. Ìbídùn ní ọkọ̀ náà kì í kú, dídákú ló máa ń dákú. Bó ṣe di ẹ̀fẹ̀ láàárín wa nìyẹn. "Oko wa tun daku ni Ojuelegba." "Oko wa daku niwaju soosi, alufaa lo ba wa ti i." A ó rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wá.

Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí mò ń lọ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì. Fóònù dún. Ìbídùn ni, nínú Ìròyìn Ilé. Bó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí:

"Oko mi daku ni Costain. Egbon e jowo."

Ẹ̀rín ni mo rín. Mo nu ọwọ́, mo wọ awò ojú mi, mo sì fèsì. N ó kọ èsì náà síbí bó ṣe wà, torí bí mo bá fi í pa mọ́, mi ò tíì sọ òótọ́ fún yín:

"Èwo ló dákú, ọkọ ni àbí ọkọ̀? Bó bá jẹ́ ọkọ̀, ẹ bu omi tútù sí i lórí. Bó bá jẹ́ ọkọ, ẹ pe mẹkáníìkì!"

Fọlákẹ́ kó àwòrán ẹ̀rín jọ, bíi mẹ́wàá. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ́ńjìnnì Bàbá Káyọ̀dé wò, pé bóyá ọ́ìlì ló gbẹ. Ẹnì kẹrin wa ní kí wọ́n sáà tì í díẹ̀, á jí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wa! Mo rí i pé Ìbídùn ti kà á, torí àmì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ mi ti di búlúù. Kò fèsì. Mo ní bóyá ó ń bá mẹkáníìkì fa ọ̀rọ̀. Mo padà sídìí ẹ̀wà mi. Mo gbé e kaná, mo gbọ́ rédíò, mo jẹun, mo sì rẹjú díẹ̀.

Nígbà tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, Ṣadé pè mí. Ṣadé ni àbígbẹ̀yìn Ìbídùn, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Yaba. Ọmọ tó máa ń pariwo "Mama Tíṣà!" kí n tó sọ pé hẹ́ẹ̀lò ni. Lọ́jọ́ yẹn kò pariwo. Ó ní, "Ẹ káàsán mà. Daddy ti lọ."

Mo bi í pé níbo ni wọ́n lọ.

Ẹ gbọ́ mi o! Èmi, tíṣà Yorùbá, mo béèrè ibi tí wọ́n lọ! Ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ ẹkún ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀, mo sì mọ ohùn náà.

Ṣadé ló ṣàlàyé. Ọkọ̀ wọn ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti ọjọ́ Àìkú. Bọ́ọ̀sì ni tọkọtaya náà wọ̀, wọ́n ń lọ kí ìbátan wọn kan tó bímọ ní Ebute Metta. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Costain láti wọ òmíràn. Bàbá Káyọ̀dé ní ojú ń ṣú òun. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó rọra jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì dákú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kò sí kírẹ́díìtì lórí fóònù Ìbídùn, déétà nìkan ló kù. Ó fẹ́ fi déétà pè mí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ́. Ló bá kọ ọ́ sí gúrúùpù. Èmi ló ń bá wí. Mo ṣáà ń gbé ní Ìpọ̀nrí! Láti ilé mi sí Costain, bí mo tilẹ̀ fẹsẹ̀ rìn, ìrìn díẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé ọmọ mi ọkùnrin wà nílé lọ́sẹ̀ yẹn, ó mọ̀ pé ó ní ọkọ̀, pé ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Ó kọ̀wé, ó sì tẹjú mọ́ fóònù, kí èsì mi lè dé.

Èsì mi dé lóòótọ́.

Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí ló gbé Bàbá Káyọ̀dé sínú ọkọ̀, tí wọ́n sì gbé wọn dé ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà. Àwọn dókítà sáré sí i, wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Kí aago méjìlá tó lù, ó ti kú. Nọ́ọ̀sì kan ló yá Ìbídùn ní fóònù tó fi pe ọmọ rẹ̀. Títí Ṣadé fi dé, òun nìkan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé bàtà ọkọ rẹ̀ lé itan.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá ì bá yè ká ní mo tètè dé. Mi ò mọ̀. Ṣadé ní dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ló ya sínú ọpọlọ, pé ó le gan-an. Mo ti gbìyànjú láti fi ìyẹn tu ara mi nínú, kò tù mí. Ṣé mo lè dá ikú dúró? Rárá. Ṣùgbọ́n mo lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àyè wà níbẹ̀.

Mo lọ sílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ṣadé ní Mummy ń sinmi. Lọ́jọ́ kejì, Mummy ṣì ń sinmi. Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n tó ní kí n wọlé. Ìbídùn wà lórí ibùsùn, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ, mo kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín lórí ìkúnlẹ̀."

Mi ò dìde. Mo ní kó forí jì mí, pé mi ò mọ̀, pé ọkọ̀ ni mo kà, pé kò ṣáà fi àmì sí i.

Mo sọ bẹ́ẹ̀! Pé kò fi àmì sí i! Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí etí èmi fúnra mi tó gbọ́ ọ.

Ìbídùn mú fóònù rẹ̀, ó ṣí i, ó nà án sí mi. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ bá mi fi àmì sí i báyìí."

Mo gba fóònù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwàdà mi wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín Fọlákẹ́ tẹ̀ lé e. Mi ò lè tẹ nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yẹn, kí ni mo máa ń pè é níbí?"

Mo ní, "Ọkọ̀ wa."

"Èyí ńkọ́?"

Mo tún un wò. "Mi" ló wà níbẹ̀. Oko mi.

Ó ní, "Mọ́tò, tiwa ni, gbogbo wa la ń wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bí Káyọ̀dé, Bàbá Káyọ̀dé ni mò ń pè é. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé ọkọ mi? Ẹ̀yin náà ẹ sọ. Ẹ̀rù ló bà mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò rántí orúkọ ọmọ kankan mọ́. Àmì wo lẹ tún fẹ́?"

Òótọ́ ni. Àwa obìnrin tó ti dàgbà tó báyìí, ta ló ń la ẹnu pe ọkọ rẹ̀ ní ọkọ mi? Bàbá lágbájá ni, tàbí Daddy. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fi pàṣán kọ́ àwọn ọmọ ní ìyàtọ̀ láàárín "mi" àti "wa", láàárín ẹyọ kan àti ọ̀pọ̀. Orí ọ̀rọ̀ ni mò ń wò, mo ń wá àmì, mi ò rí ọ̀rọ̀ tó dúró sójú mi gbangba. Èyí tó tún burú jù ni pé mo kọ ọ́ fúnra mi. Ọkọ ni àbí ọkọ̀? Mo béèrè ìbéèrè tó yẹ, mo sì fi ẹ̀rín dáhùn rẹ̀ dípò kí n dúró gbọ́ ìdáhùn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Ìbídùn dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Nígbà tó kàn mí, ó gba ọwọ́ mi, ó ní, "Ẹ ṣé mà."

Mà! Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti mọ obìnrin yìí, kò pè mí ní mà rí. Fọlákẹ́ wà lẹ́yìn mi, ó gbọ́ ọ. Kò ṣe àwàdà kankan.

Ìbídùn ti kúrò nínú gúrúùpù. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn kúrò ni. Àwa mẹ́ta tó kù ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń mú nǹkan gidi wá mọ́. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ó tán.

Mo máa ń lọ kí i ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Kò tìlẹ̀kùn mọ́ mi rí, ẹ má ṣì í gbọ́. Á ṣílẹ̀kùn, á fún mi ní àga, á fún mi lómi. A ó sọ̀rọ̀ iná mànàmáná, a ó sọ̀rọ̀ oòrùn tó mú. Nígbà tó pé oṣù mẹ́jọ tí Bàbá Káyọ̀dé kú, ìyàwó Káyọ̀dé bí ọmọkùnrin. Ọjọ́ kejì tí wọ́n bí i ni Ọjọ́bọ̀ bọ́ sí. Mo lọ, mo jókòó, mo mu omi, a sọ̀rọ̀ oòrùn, mo sì padà sílé. Ọjọ́ Àìkú ni Fọlákẹ́ pè mí, tó ní ẹ kú oríire, pé ṣé mo ti lọ kí ìyá ìkókó. Mo ní ìyá ìkókó wo?

Ìbídùn ti ní ìròyìn ayọ̀ nílé, mo sì jókòó níwájú rẹ̀ fún odindi wákàtí kan. Kò sọ ọ́ fún mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tó ń ka èyí, ẹni tó bá mú ìròyìn ilé rẹ̀ tọ̀ yín wá ti fi ohun tó níye lórí lé yín lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀rín, ìbáà jẹ́ ẹkún. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé yín dáadáa, ẹ má tún un ṣe, ẹ má sì fi í ṣeré. Ẹ pè é. Bí kò bá gbé e, ẹ wọ bàtà yín kí ẹ lọ. Ẹ ó padà wá ṣàwàdà tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ni.

Ǹjẹ́ irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín? Bóyá ẹ̀yin lẹ ṣi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ kà, tàbí wọ́n ṣi tiyín kà nígbà tí ẹ wà nínú wàhálà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, bó ti wù kí ẹ kọ ọ́. N ó kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì kí n tó fèsì. Bí ọ̀rẹ́ yín kan bá sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní àárọ̀ yìí tí ẹ kàn rẹ́rìn-ín sí, ẹ gbé ìwé mi yìí sílẹ̀ ná kí ẹ pè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n.