Ọjọ́rú Tí Wọ́n Fi Tẹ́ǹsì Gbà Lọ́wọ́ Mi

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti kọ́ ọmọ ní Yorùbá, wọ́n sì fìyà jẹ mí nítorí pé mo sọ Yorùbá.

Ilé-ìwé aládàáni kan ní Àpápá ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni Yorùbá wà, lọ́jọ́rú, ogójì ìṣẹ́jú péré, àwọn ọmọ á sì ṣèdánwò rẹ̀ lópin táàmù. Òfin ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa sọ. Ẹni tó bá rú u, olórí kíláàsì á kọ orúkọ rẹ̀ sí igun pátákó. Mo ń pa àlọ́ fún kíláàsì karùn-ún lọ́jọ́ kan, mo yíjú pa dà, mo rí orúkọ tèmi.

"Ṣé o ò mọ̀ pé iṣẹ́ mi nìyí ni?"

"Àǹtí, ẹ má bínú, òfin ni," ni ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí kíláàsì wí.

"Èdè wo lo fi sọ ìyẹn?"

Ó ronú díẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ tèmi. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló pe Mádàámù tó ni ilé-ìwé wọlé. Ó ka pátákó tán. "Tíṣà, òfin ò mojú ẹnì kankan. Láti Ọjọ́rú tó ń bọ̀, lákòókò Yorùbá yín, ẹ lọ máa jókòó sí kíláàsì tẹ́ǹsì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ gírámà Gẹ̀ẹ́sì." Yorùbá ló fi sọ ọ́ o! Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì.

Bí èmi tó gboyè ní yunifásítì ṣe di ará ìjókòó ẹ̀yìn láàárín àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin nìyẹn, tí orúnkún mi ń gbá tábìlì. Mo ń sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Orúkọ tí wọ́n sọ àwọn tẹ́ǹsì wọ̀nyẹn ni n kò mọ̀. Mélòó ni àná? Wọ́n ní tẹ́ǹsì mẹ́rin ló ní! Nílé, ní Ajégúnlẹ̀, mò ń há wọn sórí lẹ́nu ọ̀nà, aládùúgbò mi tó ń dín àkàrà ń fi mí ṣẹ̀sín: "Tíṣà, past don pass, leave am make e rest!"

Mo ti mọ̀ wọ́n báyìí. Nínú ìdánwò tẹ́ǹsì, mo gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ọmọ tó jókòó tì mí gba mẹ́sàn-án, ó ní, "Àǹtí, ẹ gbìyànjú." Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú mẹ́fà ni kíláàsì karùn-ún fi jókòó lásán, láìsí olùkọ́. Mádàámù wá ránṣẹ́ sí mi lánàá pé kí n mú ìbéèrè ìdánwò Yorùbá wá.

Ìdánwò lórí kí ni? Mádàámù, ẹ dá mi lóhùn. Kí ni kí n bi àwọn ọmọ tí ẹ ò jẹ́ kí n kọ́? Ta ló fi àkókò Yorùbá ṣe àkókò ìjìyà mi? Ta ni yóò kojú àwọn òbí wọn tí wọ́n bá fìdí rẹmi? Mo fẹ́ ìdáhùn lákọsílẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.