Ilà Mẹ́jọ Ìlọ̀rí

Títí di ọdún 1986, kò sí ẹlòmíràn ní Savè tí ẹ̀rọ ayankajú ilé iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Boni ń gbọ́ràn sí lẹ́nu àfi Ìlọ̀rí. Kò ka ìwé gíga. Rédíò ló ń tún ṣe nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kó tó ra ìwé Faransé kan nípa puce, ẹ̀yà dúdú ẹlẹ́sẹ̀ ogójì tó ń darí ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ assembleur, èdè tó sún mọ́ ara puce jù lọ, níbi tí èèyàn ti ń pàṣẹ ìgbésẹ̀ tíntìntín kọ̀ọ̀kan. Inú kàyé tí ojú ewé rẹ̀ rí bí àwọ̀n ló ń kọ àṣẹ wọ̀nyí sí. Kò sí ẹni tó lè kà á. Bó sì ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Albertine ló dàgbà jù nínú àwọn obìnrin tó ń gé kajú. “Ọkọ mi” ló máa ń fi ẹ̀fẹ̀ pe Ìlọ̀rí.

“Ọkọ mi, ẹ̀rọ ti dákẹ́ o. Wá bá a sọ̀rọ̀, ìwọ ló gbọ́ èdè rẹ̀.”

Ìlọ̀rí a rẹ́rìn-ín, a sì gbé kàyé rẹ̀.

Célestin, ọ̀dọ́kùnrin tí ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, wá ti Bulgaria dé. Ọdún mẹ́fà ló fi kàwé níbẹ̀, ó sì mú puce tuntun bọ̀, èyí tó gbọ́ Basic, èdè tó ń lo odindi ọ̀rọ̀. Ní oṣù yẹn gan-an ni ẹ̀rọ agékajú tuntun dé. Ọ̀bẹ rẹ̀ ń yí, iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń tàn kọjá lẹ́nu rẹ̀. Bí ọwọ́ bá gba inú iná náà kọjá, ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ dúró.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kọ àṣẹ rẹ̀,” ni Madame Germaine, olórí ilé iṣẹ́, wí. “Ẹni tí mo bá gba tirẹ̀ ni yóò di ọ̀gá àtẹ́líè, níbi tí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe.”

Ìlọ̀rí tọrọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́rin ni Célestin fi parí tirẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin ní ọ̀bẹ ń yára jù, orí ìdúró ló ti yí nọ́ńbà kan padà.

“VITESSE,” ni Madame Germaine kà lójú ẹ̀rọ, ìyẹn ìyára ọ̀bẹ. “Èmi náà lè ka èyí!”

Ìlọ̀rí ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ìyàwó rẹ̀ tó ń bá ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín.

“Ọkọ mi,” ni Albertine wí. Célestin ló ń pè. “Ọwọ́ rẹ mà yá o! Àwọn kan ì bá ṣì wà lójú ewé kejì.”

Ẹ̀rín sọ. Célestin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ má wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìlọ̀rí lọ̀gá.”

Ìyẹn gan-an ló dun Ìlọ̀rí jù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Célestin ti igi ọkà bàbà wọ ẹnu ẹ̀rọ, jẹ́jẹ́. Ọ̀bẹ dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìlọ̀rí kò pàtẹ́wọ́. Ó ti ka iṣẹ́ náà láti ẹ̀yìn èjìká Célestin: puce yóò kọ́kọ́ wọn ooru, yóò kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ, yóò ka iye kajú, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wo iná. Ohun tó bá kọjá kó tó wo ibẹ̀, kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Igi lè dúró dè é. Ọwọ́ àwọn obìnrin yìí kì í dúró. Láti ìgbà ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ tí wọ́n ti fi eérú pa, kí oró kajú má baà jó o, já kajú tó bá há láàárín ìgbà méjì tí ọ̀bẹ ń bọ́. Célestin kò tíì jókòó tì wọ́n rí. Ìlọ̀rí ti ń jókòó tì wọ́n láti ọdún mọ́kànlá.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Igi ni ọ̀bẹ yóò gé lọ́jọ́ kan, ó sọ fún ara rẹ̀. Ojú yóò ti Célestin lójú gbogbo wọn. Igi lásán.

Ní ọjọ́ Ajé, ìwé oyè ọ̀gá àtẹ́líè ti wà lọ́wọ́ Madame Germaine. Albertine fi eérú pa ọwọ́, ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ. Kajú ń lọ. Ọ̀kan há. Ìlọ̀rí rí èjìká obìnrin náà tó gbé sókè. Ó mọ èjìká yẹn. Kò mọ ìgbà tí òun fò, tó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Kí ló ṣe ọ́?” Albertine jágbe. “Owú ló sọ ọ́ di wèrè báyìí?”

Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin náà wà nínú iná tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ọ̀bẹ sì ṣì ń yí. Ó yí títí èèyàn fi lè ka ení, èjì. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró.

“Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n?” Célestin béèrè.

“Láti ọjọ́ Jímọ̀.”

Albertine wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo Ìlọ̀rí. Ó dìde, ó lọ fọ eérú dànù.

Célestin kò bínú, tàbí kò jẹ́ kó hàn. Ó ní Basic lè dúró kí assembleur gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: kí Ìlọ̀rí kọ ti iná, kí òun kọ ìyókù. Ilà mẹ́jọ ni Ìlọ̀rí kọ. Láti ìgbà náà, bí ọwọ́ bá ti kan iná, ohunkóhun tí puce ìbáà máa ṣe, ọ̀bẹ á dúró. Orúkọ Célestin ni Madame Germaine kọ sínú ìwé oyè náà.

Nígbà tí ẹ̀rọ tún dákẹ́, Albertine yọjú sí àtẹ́líè.

“Ọkọ mi, wá o,” ló wí fún Célestin. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kejì. “Ìlọ̀rí, ẹ kú iṣẹ́.”

Nígbà tí Célestin padà, ó fa àga súnmọ́ ọn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ilà mẹ́jọ yẹn fún mi. Bí ẹ kò bá sí nílé ńkọ́?”

Ìlọ̀rí ṣí kàyé. Ó kà wọ́n síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ bo ojú ewé kejì, níbi tí àwọn àṣẹ rẹ̀ ìyókù wà.